Ẹ Kú Ara-Fẹ́ra-Kù: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Wọn Bá Ń Fìdí Rẹmi

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan lónìí tí yóò jiyàn pé ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó àti ìrèmọ̀jé kì í ṣe lítíréṣọ̀. Àwọn tó ṣáájú wa nínú ìmọ̀ yìí ti kó wọn jọ, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, wọ́n sì ti fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde nínú kíláàsì, tí ó ní òun fẹ́ kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù, olùkọ́ yóò rẹ́rìn-ín, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́ fún un. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ níhìn-ín pé ẹ̀rín náà kò tọ́, kí n sì sọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó borí ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tó borí kò ní iṣẹ́ púpọ̀ fún ahọ́n rẹ̀. Ariwo ni yóò pa, yóò fò sókè, yóò pe orúkọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó parí. Àwọn olórin wa pàápàá ti bá a ṣe ìyókù. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí ẹgbẹ́ Stationery Stores ti Èkó gba ife Challenge Cup ní 1967 àti ní 1968, Sunny Adé, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé nígbà náà, fi ọ̀rọ̀ ife náà ṣe orin, àwo náà sì tà dáadáa. Ta ni ó kọrin fún àwọn tí ife bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ní 1984, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n ní 2-0 ní Káírò, ó sì tún nà wọ́n ní 1-0 ní Èkó. Ní 1996, ẹgbẹ́ méjèèjì yìí kan náà tún pàdé ní ìpele ìkẹyìn. Pẹ́náritì ni Zamalek fi gba ife lọ. Ọdún méjìlá wà láàárín ẹkún kìíní àti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò sì mọ àwo orin kan ṣoṣo tí a fi dárò èyíkéyìí nínú wọn. Ẹnu àwọn tó jókòó ti rédíò ní ọjọ́ wọ̀nyẹn nìkan ni orin náà wà, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni àdánù tí mo rò pé ẹgbẹ́ wa yìí lè dá dúró, ó kéré tán láti ìsinsìnyí lọ.

Òdògbolú ni mo ti lo ọdún Kérésì 2024. Gbogbo ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ bí ìlú ti máa ń rí ní àkókò náà: àwọn ará Èkó ti dé, mọ́tò kún gbogbo àdúgbò, ilé tí a ti tì pa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti ní ìmọ́lẹ̀. Ní alẹ́, àwọn ọkùnrin a máa kóra jọ sí ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, níbi tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri. Ẹ má bi mí pé kí ni ọmọ Òdògbolú ń wá ní Manchester. Láti ìgbà tí amóhùnmáwòrán tí ń gba àwòrán láti òkè òkun ti wọ àárín wa ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Òde nítòsí wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Àkókò náà gan-an ni nǹkan dojú rú fún Manchester United. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, Tottenham nà wọ́n ní 4-3. Ní ọjọ́ 22, Bournemouth wá bá wọn nílé, ó sì nà wọ́n ní 3-0. Ní ọjọ́ 26, ọjọ́ kejì Kérésì, Wolves nà wọ́n ní 2-0. Ní ọjọ́ 30, Newcastle náà nà wọ́n ní 2-0. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méjìlá. Wọ́n gbá mẹ́ta wọlé, wọ́n jẹ mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ tó ti gba ife lìígì nígbà 20 nìyí o. Mo jókòó sí ẹ̀yìn, mo mú ìwé kékeré kan dání, mo sì ń kọ ohun tí mo ń gbọ́.

Ohun kìíní tó gba ọkàn mi ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Èdè wa kò ní ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé ìyà ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. ‘Wọ́n’ ni a máa ń lò: wọ́n jí i lérù, wọ́n bí i ní Ìmùṣin, wọ́n nà wá. Nínú gbólóhùn ‘wọ́n nà wá’, ènìyàn méjì ló wà: àwọn tó nà wá, àti àwa tí a nà. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ́wọ́ pé ara òun wà níbi tí ọ̀pá ti bà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wolves gbá èkejì wọlé, mo gbọ́ tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, ‘Wọ́n tún ti nà wọ́n.’ Ẹ tún gbólóhùn yìí kà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ta ni ‘wọ́n’ àkọ́kọ́? Ta ni ‘wọ́n’ ìkẹyìn? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti yọ ara rẹ̀ kúrò. Ó ti di ẹni tí ń kọjá lọ ní ojú ọ̀nà, tó yà wá wo ìjà tí kò kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹni yìí kan náà ló ń sọ pé, ‘A nà wọ́n!’, tó sì ń gbá àyà.

Àwọn mìíràn kò yọ ara wọn. Wọn a bú ẹgbẹ́ náà ju ọ̀tá lọ, wọn a pe aṣọ́lé ní apẹ̀rẹ̀ ajádìí, wọn a ní kí kóòṣì lọ ta ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ‘wa’ kò kúrò lẹ́nu wọn: ‘aṣọ́lé wa’, ‘ìyà wa’, ‘ìtìjú wa’. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, ‘Àwa ni wọ́n fi ṣe ẹran Kérésì.’ Gbólóhùn kúkúrú nìyí, ṣùgbọ́n ó ju èébú lọ fíìfíì. Ó mú àsìkò ọdún, ó mú ìjẹun ọdún, ó mú ìpalára, ó fi gbogbo rẹ̀ sí orí ‘àwa’. Ní Òdògbolú, ohùn Ìjẹ̀bú tún fi adùn tirẹ̀ kún un, nítorí ‘ìyà’ a máa di ‘ùyà’ lẹ́nu àwọn àgbà, gẹ́gẹ́ bí ‘ilé’ ti ń di ‘ulé’. Ohùn náà jinlẹ̀ dé ikùn bí wọ́n bá fà á. Ẹni tó bá sì mọ ẹgbẹ́ règbéregbé ní Ìjẹ̀bú yóò mọ ibi tí ‘àwa’ yìí ti gbé gbòǹgbò. Ènìyàn kì í yan ìgbà tí òun yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbà tí òun kò ní í jẹ́.

Ṣùgbọ́n ‘a’ náà ní òfin tirẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n mọ òfin náà ni ọ̀rọ̀ tí Ruben Amorim sọ. Òun ni kóòṣì wọn ní sáà náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2025, lẹ́yìn tí Brighton ti nà wọ́n ní 3-1, ó sọ níwájú àwọn oníròyìn pé bóyá àwọn ni ẹgbẹ́ tó burú jù lọ nínú ìtàn Manchester United. Ẹ ṣàkíyèsí pé ‘àwa’ ló lò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí mo ti sọ wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí a yìn ín. Síbẹ̀ inú bí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà tí mo mọ̀ gidigidi, àwọn tí wọ́n ti sọ ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kí ló fà á? Ibi tó ti sọ ọ́ ni. Bàbá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú yàrá pé kò sí irú ọ̀lẹ rẹ̀ nínú ìdílé. Kì í dúró lójúde kí ó máa sọ ọ́ fún àlejò. Èébú ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Bí ọlọ́tẹ̀ kan bá wọlé, àwọn kan náà tí ń bú aṣọ́lé yóò yí ohùn padà, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì rẹ̀. Mo rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn.

Ọlọ́tẹ̀ náà a sì máa wọlé. Àwọn olólùfẹ́ Arsenal kò jìnnà. Níbí ni mo ti rí ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, òun náà ló sì fún àròkọ yìí lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé kò sí ìgbà tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dìde, a ń kí ẹni tí òkú kú fún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27, ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, olólùfẹ́ Manchester United tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó fi ohùn ìbànújẹ́ sọ pé, ‘Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù, bàbá.’ Kò sí ọ̀rọ̀ àrífín kan nínú gbólóhùn náà. ‘Ẹ’ ni ó lò, kì í ṣe ‘o’. Ìdọ̀bálẹ̀ náà pé. Bí àlejò kan bá ń kọjá, yóò rò pé ìyàwó bàbá náà ló kú. Ọ̀wọ̀ gan-an ni ọfà.

Bàbá náà kò bínú. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, ‘O ṣeun, ọmọ mi. N óò fi irú rẹ̀ san án fún ọ.’

Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò rò pé ó dúpẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣọ̀fọ̀ rí mọ bí a ti ń dá ẹni tó wá kí ni lóhùn: a ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ san án. Àdúrà ni, ‘má jẹ́’ sì ni ọkàn rẹ̀. Ohun tí bàbá yìí ṣe ni pé ó yọ ‘má jẹ́’ náà kúrò, ó fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà, àdúrà sì di ìlérí ẹ̀san. Àwọn akéwì tí a ń kà nínú ìwé kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣẹ náà: nígbà tí sáà parí, Liverpool ló gba ife lìígì, ipò kejì ni Arsenal wà. Mo gbọ́ pé bàbá náà lọ kí ọmọdé náà nílé wọn.

N kò ní sọ pé gbogbo ohun tí mo gbọ́ ló dára. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ariwo. Àwọn kan ń fi ìyá àwọn agbábọ́ọ̀lù bú, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ara ẹni tí àwọ̀ ara tiwọn kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Kò sí ọgbọ́n níbẹ̀, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kó ẹ̀rù bá mi jù ni tẹ́tẹ́. Ọ̀dọ́ tó ti fi owó ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù rẹ̀ kì í sọ pé ‘wọ́n nà wá’. ‘Wọ́n ti gé mi’ ni yóò wí, tàbí ‘tíkẹ́ẹ̀tì mi ti gé’. ‘Wa’ ti di ‘mi’. Bí owó rẹ̀ bá wà lórí ọ̀tá ẹgbẹ́ tó pè ní tirẹ̀, yóò máa sunkún ní ẹnu, yóò máa ka owó ní ọkàn. Mo gbìyànjú láti rí gbólóhùn kan tó dára lẹ́nu àwọn olùta tẹ́tẹ́ ní gbogbo ọjọ́ méjìlá náà. Iye owó nìkan ni mo rí. Bóyá èmi ni kò mọ ibi tí mo lè tẹ́tí sí; ṣùgbọ́n mo rò pé ìdárò kò lè hù níbi tí kò sí ‘a’.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìrètí, nítorí òun ni ó ṣòro jù láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ìrètí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni àdúrà tí wọ́n kó láti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, èyí sì máa ń ṣófo, nítorí pé a ti gbọ́ ọ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún lórí ohun mìíràn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tí wọ́n ń fi ‘kì í’ kọ́, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́fọ̀ ti ń ṣe: òjò kì í rọ̀ kó má dá. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ń fi ìṣe ayé jẹ́rìí. Àwọn òwe pẹ̀lú wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́tẹ̀ sì mọ bí a ti ń já wọn gbà. Ẹnì kan ní, ‘Bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe bàbá.’ Kíá ni èsì dé láti orí bẹ́ǹṣì kejì: ‘Akólòlò tiyín ti gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.’

Ṣùgbọ́n ìrètí tó lágbára jù lọ kò sí nínú àdúrà tàbí òwe. Inú ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó wà: ‘tíì’. Láti 2013 tí Alex Ferguson ti fẹ̀yìn tì, Manchester United kò gba ife lìígì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí sáà tí mo ń sọ yìí fi parí. Òtítọ́ kan ṣoṣo ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni mo gbọ́ tí wọ́n gbà ń sọ ọ́. Ọlọ́tẹ̀ a ní, ‘Ẹ ò gbà á mọ́.’ Olólùfẹ́ a ní, ‘A ò tíì gbà á.’ ‘Mọ́’ ti ilẹ̀kùn pa: ohun tó wà tẹ́lẹ̀ ti lọ, kò ní padà. ‘Tíì’ ṣí i sílẹ̀: ohun náà wà lójú ọ̀nà, kò dé ni. Iye ọdún kan náà, iye ìyà kan náà. Mo tẹ́tí dáadáa bóyá n óò gbọ́ kí olólùfẹ́ kan fi àṣìṣe lo ‘mọ́’. N kò gbọ́. Ẹni tó ń pariwo pé òun ti kúrò lẹ́yìn wọn láti òní lọ pàápàá, bí a bá bi í nípa ife, ‘tíì’ ni yóò fi dáhùn. Nígbà tí mo bá ń ka ìwé gírámà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ìlà kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń fi sórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn a sì kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi agbára rẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, nínú ìdíje Europa, Lyon ti ilẹ̀ Faransé ń na United ní 4-2 nínú àfikún àkókò. Àwọn kan ti dìde, wọ́n ti ń wá bàtà wọn. Láti ìṣẹ́jú 114 títí dé ìparí, United gbá mẹ́ta wọlé, ó di 5-4. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ní Bilbao, Tottenham nà wọ́n ní 1-0 ní ìpele ìkẹyìn ìdíje náà. Nínú lìígì, wọ́n pàdánù ìgbà 18 nínú 38, àmì 42 ni wọ́n ní, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì wà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní alẹ́ Bilbao kéré. Ìgbà mìíràn wà tí ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ apá kan nínú lítíréṣọ̀ ẹnu, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá àmì tí yóò fi kọ ọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé nítorí pé ẹgbẹ́ òkèèrè ni, ó rọrùn láti fi ‘wọ́n’ rọ́pò ‘a’. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà, títí di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2025. Ní ọjọ́ náà, ní Rabat ní Mòrókò, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti ti Kóńgò Olómìnira Tiwańtiwa gbá ọ̀mì 1-1, Kóńgò sì fi pẹ́náritì borí ní 4-3. Bí ọ̀nà Ife Àgbáyé 2026 ṣe dí mọ́ wa nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí Gánà ti dí ti 2022 mọ́ wa ní Àbújá pẹ̀lú ọ̀mì 1-1 ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2022. Ẹgbẹ́ ilẹ̀ baba ẹni nìyí, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí. Síbẹ̀ mo gbọ́ ‘wọ́n’ lọ́jọ́ náà ju bí mo ti gbọ́ ọ ní Kérésì lọ: ‘Wọn ò lọ mọ́.’ ‘Mọ́’ náà wà níbẹ̀. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ nìyẹn, pé àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń sọ ‘a ò tíì’ fún Manchester ń sọ ‘wọn ò mọ́’ fún Nàìjíríà. Bóyá nítorí pé ẹgbẹ́ òkèèrè kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan rí ni. Bóyá ó sì jẹ́ pé ẹni tó sún mọ́ ni jù ni a ń yára yọ ara wa kúrò lára rẹ̀ bí ó bá dójú tì wá. Èmi kò ní ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ti sẹ́kọ́ńdírì pé kí ẹ fi iṣẹ́ yìí rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí wọ́n má tún èdè ìbílẹ̀ ṣe sí Yorùbá ìwé; kí wọ́n kọ orúkọ ìlú, ọjọ́ ìdíje náà àti iye góòlù; kí wọ́n má kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ‘tíì’ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Èkìtì àti ní Ọ̀yọ́, àti ohun tí àwọn ará Kétu ń lò dípò rẹ̀. Ìwé kékeré tèmi ṣì ní ojú-ewé díẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2025, Grimsby Town, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kẹrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Manchester United, ó sì fi pẹ́náritì 12-11 lé wọn kúrò nínú ìdíje ife. Ohun tí mo kọ ní alẹ́ ọjọ́ náà gba ojú-ewé mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ jẹ́ ti ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, tó ń gbá bẹ́ǹṣì jọ fún oníilé: ‘Sáà ò tíì tó oṣù kan.’